Iná Mẹ́rin, Omi Díẹ̀: Ọjọ́ Mẹ́rìnlá ní Aṣálẹ̀ Quartzsite

Ọjọ́ kìíní, ọjọ́ Ajé

Yìnyín ti bo pápá ọkọ̀ òfuurufú Chicago nígbà tí a gbéra láàárọ̀ yìí, ẹ̀rọ ńlá kan sì ń fọ́n oògùn sí apá ọkọ̀ wa kí yìnyín má baà dì mọ́ ọn. Kò tó wákàtí mẹ́rin lẹ́yìn náà tí a fi balẹ̀ sí Phoenix, ní ìpínlẹ̀ Arizona, tí mo bọ́ kóòtù, tí mo bọ́ súwẹ́tà, tí mo kó gbogbo rẹ̀ lé apá bí ẹni tí ó gbé ẹrù ẹlẹ́rù wá.

Ọdún kẹta rèé tí Bàbá Ìbejì ti ń pè wá pé kí a wá fojú ara wa rí ibi tí òun àti Ìyá Ìbejì máa ń sá òtútù lọ. Láti ìgbà tí àwọn méjèèjì ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni wọ́n ti ra RV, ìyẹn ọkọ̀ tí ó ní yàrá, ilé ìdáná àti ilé ìyàgbẹ́ nínú, wọn kì í sì í lo ìgbà òtútù ní Chicago mọ́. Àwa kò ní tiwa. A yá ọ̀kan lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ kan ní Phoenix. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó fi í hàn wá tẹ bọ́tìnì kan lára ògiri, iná kéékèèké sì tàn. Ó ní ìwọ̀nyí ni yóò máa sọ fún wa bí omi ṣe kù sí nínú táńkì, pé gálọ̀nù 40 ni ó ń gbà, pé bí iná mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá tàn, ó kún nìyẹn. A ki rọ́bà bọ ẹnu táńkì náà, a ń tẹ bọ́tìnì, nígbà tí iná mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì tàn, a pa omi. Mo kọ ibi tí bọ́tìnì náà wà sílẹ̀ kí n má baà gbàgbé.

Ọ̀nà márosẹ̀ I-10 ni a gbà lọ sí ìwọ̀-oòrùn, bíi máìlì 125. Wákàtí méjì ni ó yẹ kí ó gbà wá, ṣùgbọ́n mẹ́ta ni ó gbà, nítorí ọkọ̀ gíga ni, afẹ́fẹ́ ń tì í láti ẹ̀gbẹ́, ìyàwó mi sì di irin tí ó wà lókè ilẹ̀kùn mú títí a fi débẹ̀, kò sọ̀rọ̀ rárá. Igi saguaro wà káàkiri ẹsẹ̀ òkè. Ó fara jọ ọrọ́ tí a fi ń ṣe ọgbà nílé, ṣùgbọ́n ó ga ju ilé alájà lọ, ó sì gbé apá méjèèjì sókè bí ẹni tí ọlọ́pàá ní kí ó dúró. Ohun tí mo mọ̀ nípa rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni pé ó lè pé àádọ́ta ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó yọ apá kìíní.

Ní La Posa South, lẹ́bàá ìlú Quartzsite, a san dọ́là 40 fún ọjọ́ mẹ́rìnlá. Bàbá Ìbejì ti san 180 ní tirẹ̀, èyí tí ó fún un láṣẹ láti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ 15 oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀ títí di ọjọ́ 15 oṣù Igbe. Ilẹ̀ ìjọba àpapọ̀ ni. Wọn kò pín in sí púlọ́ọ̀tì, kò sí okùn iná, kò sí páìpù omi tí ó dé ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni. Ibi tí o bá rí i pé ó tẹ́jú ni kí o gúnlẹ̀ sí. Ẹ̀rọ omi mímu wà lọ́nà àbáwọlé, ibi tí a ń da omi ìdọ̀tí àti ìgbẹ́ nù wà níbẹ̀, àpótí pàǹtí náà sì wà níbẹ̀. Ó parí.

Ẹ̀gbọ́n Àlàájì ti débẹ̀ ṣáájú wa láti Houston pẹ̀lú ọkọ̀ akérò kékeré kan tí ó tẹ́ bẹ́ẹ̀dì sí. Ọkọ̀ rẹ̀ kò ní ilé ìyàgbẹ́, òfin ibẹ̀ sì ni pé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ jìnnà ju ẹsẹ̀ bàtà 500 lọ sí ṣalángá tí ìjọba kọ́. Nítorí náà, bí aṣálẹ̀ ṣe gbòòrò tó yìí, ẹ̀gbẹ́ ṣalángá ni gbogbo wa gúnlẹ̀ sí, nítorí kò sí ẹni tí yóò fi ẹ̀gbọ́n sílẹ̀ níbẹ̀ lóun nìkan.

Ọjọ́ kejì, ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Òtútù òru pọ̀ ju bí mo ṣe rò lọ. Ní aago mẹ́fà àárọ̀, ohun èlò ìwọn-òtútù Bàbá Ìbejì fi 3 hàn ní ìwọ̀n Celsius, ṣùgbọ́n nígbà tí yóò fi di ọ̀sán a ti wọ ṣẹ́ẹ̀tì aláìlápá. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ gbẹ bí afẹ́fẹ́ ọyẹ́. Ètè mi ti là kí n tó jẹun àárọ̀, Ìyá Ìbejì sì na ike òrí sí mi láìjẹ́ pé mo bèèrè. Ohun tí kò fi jẹ́ ọyẹ́ ni pé kò sí kùrukùru kankan; òkè tí ó jìnnà tó ogún máìlì ń hàn kedere bí ẹni pé ènìyàn lè fẹsẹ̀ rìn débẹ̀ kí ó tó di oúnjẹ ọ̀sán.

Lẹ́yìn oúnjẹ, Ìyá Ìbejì pe ìpàdé lórí omi. Mo rẹ́rìn-ín, òun kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹni tí omi rẹ̀ bá tán níbí gbọ́dọ̀ ká gbogbo ẹrù rẹ̀, kí ó dè é, kí ó wa ilé rẹ̀ lọ sí ìdí ẹ̀rọ omi, kí ó tò sẹ́yìn àwọn ẹlòmíràn, kí ó tún wa ilé rẹ̀ padà, kò sì dájú pé yóò bá àyè rẹ̀ lófìfo. Nítorí náà, bébà ni a óò fi nu àwo kí a tó fọ̀ ọ́. Bí a bá ń dúró de omi gbígbóná, a kò gbọdọ̀ jẹ́ kí omi tútù tí ó ṣáájú rẹ̀ ṣòfò. Abọ́ ni a óò gbé sí i lábẹ́, òun ni a óò sì dà sí ilé ìyàgbẹ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ wẹ̀ yóò rin ara, yóò pa omi, yóò fi ọṣẹ para, yóò tún ṣí omi, yóò ṣan ara. Àmàlà di ti ọjọ́ Àbámẹ́ta nìkan, nítorí ìkòkò àmàlà àti àwo ewédú ń jẹ omi ju ènìyàn lọ.

Ẹ̀gbọ́n Àlàájì kò sọ nǹkan kan ní gbogbo àkókò yìí. Nígbà tí ìpàdé tán, ó gbé búútà rẹ̀, ó lọ sẹ́yìn ọkọ̀, ó sì ṣe àlùwàlá láti ọwọ́ dé ẹsẹ̀ pẹ̀lú omi tí kò kún ago tíì méjì. Mo dúró wò ó. Ṣe ni ó ń jẹ́ kí omi náà máa tẹ̀lé ọwọ́ rẹ̀, kò sí ibi tí omi náà ṣáájú ọwọ́.

Ti iná rọrùn fún wa ju ti omi lọ. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ oòrùn kì í ga níhìn-ín, ìhà gúúsù ni ó máa ń wà, nítorí náà Bàbá Ìbejì gbé ẹ̀gbẹ́ kan sólà orí ọkọ̀ rẹ̀ sókè kí ó lè kọjú sí i. Bátìrì a gba iná títí di ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn náà ẹ̀rọ amúlégbóná a máa jẹ ẹ́ lóru, nítorí pé bí ó tilẹ̀ jẹ́ gáàsì ni ó ń jó, bátìrì ni ó ń yí fáànù rẹ̀. Àwa tí a dàgbà sábẹ́ iná tí ó ń lọ tí ó ń bọ̀ kò nílò olùkọ́ níbi èyí.

Ọjọ́ kẹta, Ọjọ́rú

A rìn wọ inú ìlú. Àwọn tí ń gbé Quartzsite tọdúntọdún kò tó ẹgbẹ̀rún mẹ́ta, ṣùgbọ́n ní oṣù yìí RV bo ilẹ̀ lọ salalu ní ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n ń dán nínú oòrùn bí páànù. Ọjà òkúta ni ó pọ̀ jù níbẹ̀. Wọ́n ń fi ṣọ́bìrì wọn òkúta aláràbarà sínú báàgì, ìyàwó mi sì ra méjì lára èyí tí mo lè ṣà lọ́fẹ̀ẹ́ lẹ́yìn ọkọ̀ wa.

Ibi tí mo fẹ́ràn jù ni itẹ́ òkú. Ibojì kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fi òkúta mọ ní ṣóńṣó bíi ti Íjíbítì, ère ràkúnmí bàbà sì wà ní góńgó rẹ̀. Ọkùnrin tí wọ́n sin síbẹ̀ ń jẹ́ Hi Jolly. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé ibì kan ní Síríà ni wọ́n ti bí i ní nǹkan bí ọdún 1828, pé ó dé Amẹ́ríkà ní 1856, ó sì kú ní Quartzsite ní 1902. Àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ni wọ́n ra ràkúnmí wá láti ìlà-oòrùn ayé, kí wọ́n lè máa fi wọ́n ru ẹrù la aṣálẹ̀ yìí kọjá, ọkùnrin náà sì bá àwọn ràkúnmí wá nítorí pé ó mọ bí a ṣe ń dà wọ́n. Ní 1857 wọ́n fi lára wọn la ọ̀nà láti New Mexico lọ sí California. Àwọn ràkúnmí ṣe iṣẹ́ wọn dáadáa, wọ́n ń ru ẹrù tí ìbaaka kò lè rù, wọ́n sì ń rìn jìnnà láìmu omi; àwọn ọmọ ogun àti ìbaaka wọn ni kò fẹ́ràn òórùn wọn, nígbà tí ogun abẹ́lé sì dé ní 1861, ètò náà dojú dé.

Ẹ̀gbọ́n Àlàájì ka orúkọ náà, ó tún un kà, ó bèèrè pé irú orúkọ wo ni Hi Jolly. Mo ṣàlàyé fún un pé Hadji Ali ni ọkùnrin náà ń jẹ́, pé ẹnu àwọn ọmọ ogun ni kò gba orúkọ náà tí wọ́n fi sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, «Àlàájì Àlí! Àlàájì bíi tèmi ni wọ́n pè báyìí fún ogójì ọdún ó lé?» Ó bọ́ fìlà, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, ó sì ka Fàtíhà fún un. Àwọn arìnrìn-àjò tí ó fẹ́ ya fọ́tò dúró dè é títí tí ó fi parí.

Ọjọ́ kẹrin, Ọjọ́bọ̀

Omi tán mọ́ mi lára ní aago mẹ́jọ alẹ́. Mo ti rin ara, mo ti pa omi, mo ti fi ọṣẹ para láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òfin Ìyá Ìbejì, mo ṣí i padà, ẹ̀rọ kùn, kò sí omi. Ìyàwó mi tẹ bọ́tìnì. Iná mẹ́ta tàn. Ó ní omi kún dáadáa, pé kí n má ṣe eré. Mo ké sí i pé ọṣẹ ti wọ ojú mi.

Ẹ̀gbọ́n Àlàájì gbọ́ igbe. Láti ẹnu ilẹ̀kùn ni ó ti na búútà kan sí mi, ó lọ́wọ́ọ́wọ́, ó sì ní kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí. Mo wẹ̀, mo mọ́. Omi kù nínú rẹ̀.

Bàbá Ìbejì gbé tọ́ọ̀ṣì wá, ó gbé pákó ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì kúrò, ó fi ìka kan táńkì, ó ń dún bí àgbá òfìfo. Àlàyé rẹ̀ ni pé irin wẹ́wẹ́ ni wọ́n fi ń gún ara táńkì ní ìpele-ìpele, bí omi bá ti kan irin kan, iná tirẹ̀ a tàn. Ṣùgbọ́n bí ìdọ̀tí omi líle bá gbẹ mọ́ àwọn irin náà, iná lè máa tàn láìsí omi níbẹ̀. Ó ní èyí fi hàn pé táńkì wa kò kún rí láti Phoenix. Mo rántí bí a ṣe pa omi nígbà tí iná mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tàn, inú mi sì bàjẹ́ gan-an. Mo pe ilé-iṣẹ́ náà lórí fóònù. Ẹni tí ó gbé e ní kí n pa ẹ̀rọ, kí n tún un tàn.

Ọjọ́ karùn-ún, ọjọ́ Ẹtì

Ọkọ̀ kékeré tí Bàbá Ìbejì máa ń so mọ́ ẹ̀yìn RV rẹ̀ ni a fi pọn omi. Kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin, gálọ̀nù mẹ́fà-mẹ́fà, ẹ̀ẹ̀mejì. Àwọn méje wà níwájú wa lórí ìlà, ọkùnrin arúgbó ará Kánádà kan ni ó sì tẹ̀ lé wa. Ó béèrè ibi tí a ti kọ́ bí ènìyàn ṣe ń gbé kẹ́ẹ̀gì kún dẹ́ńdẹ́ láìda omi sílẹ̀. Ìyàwó mi dáhùn pé lọ́dọ̀ ìyá òun, ní Iléṣà. Láti òní lọ, kò sí ẹni tí yóò tẹ bọ́tìnì mọ́. Ìyàwó mi fi ìlà ìwé sàmì sí gbogbo kẹ́ẹ̀gì tí ó bá wọlé, a sì mọ ohun tí a ní.

Ọjọ́ kẹfà, ọjọ́ Àbámẹ́ta

Àmàlà. Ará Kánádà náà wá gẹ́gẹ́ bí àlejò, ó mú ìjókòó rẹ̀ dání. Ó jẹ gbẹ̀gìrì, ó yìn ín. Ewédú ni ó bá a jà. Ó fi ìka fà á sókè, ó ń fà, kò já, gbogbo wa dákẹ́ tí a ń wò ó, títí Ìyá Ìbejì fi kọ́ ọ bí a ṣe ń fi ọwọ́ gé e. Àwo mẹ́fà ni a nù mọ́ pẹ̀lú bébà. Omi tí a fi fọ gbogbo rẹ̀, títí kan ìkòkò, kò tó gálọ̀nù kan àbọ̀. Ìyá Ìbejì kéde rẹ̀.

Ọjọ́ keje, ọjọ́ Àìkú

A gbàdúrà, a kọrin, a sùn lọ́sàn-án. Coyote, ẹranko igbó tí ó dà bí ajá, ké lóru.

Ọjọ́ kẹjọ, ọjọ́ Ajé

A lọ wo ọ̀pẹ. Bíi máìlì 18 sí gúúsù lórí ọ̀nà US 95, ọ̀nà olókùúta kan yà sí ìlà-oòrùn lọ sí ẹsẹ̀ àwọn òkè Kofa. Orúkọ náà kì í ṣe ti èdè ìbílẹ̀ kankan: ibi ìwakùsà wúrà kan wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ tí wọ́n ń pè ní King of Arizona, lẹ́tà «K of A» tí ilé-iṣẹ́ náà ń fi jó orí ẹrù rẹ̀ ni ó sì di Kofa. Láti 1939 ni ìjọba ti ya gbogbo ibẹ̀ sọ́tọ̀ fún ẹranko, pàápàá àgùntàn orí òkè tí ìwo rẹ̀ ká bí ìgbín. A kò rí ọ̀kan.

A fẹsẹ̀ rìn bí ìdajì máìlì gòkè láàárín àpáta. Bàbá Ìbejì ti kìlọ̀ pé ọ̀sán gangan ni kí a débẹ̀, a sì rí ìdí rẹ̀, nítorí inú pàlàpálá òkúta tóóró ni àwọn ọ̀pẹ náà wà, oòrùn kì í sì í wọ ibẹ̀ pẹ́ lójúmọ́. Wọ́n dúró níbẹ̀ lókè lọ́hùn-ún, orí wọn tutù yọ̀yọ̀, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ wa pupa bí amọ̀ tí wọ́n ti sun. Kì í ṣe ọ̀pẹ tiwa. Imọ̀ rẹ̀ fẹ̀ bí abẹ̀bẹ̀, kò sì ní epo. Àwọn kan nínú àwọn tí ó mọ̀ nípa wọn gbà pé ìran ọ̀pẹ tí ó kù láti ìgbà tí ilẹ̀ yìí ṣì ní omi ni wọ́n. Pàlàpálá yìí ni ó ń da ìwọ̀nba òjò tí ó bá rọ̀ sórí àpáta sí wọn nídìí. Ẹ̀gbọ́n Àlàájì jókòó, ó wò wọ́n pẹ́, ó bèèrè bóyá ẹnikẹ́ni ti gbìyànjú láti dá ẹmu lára wọn. Ìyàwó mi ní kí Àlàájì rántí Mẹ́kà.

Ọjọ́ kẹsàn-án àti ìkẹwàá

Afẹ́fẹ́ dé ní òru ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Mo ti gbàgbé láti ká ìbòrí kánfáàsì ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, apá rẹ̀ kan sì wọ́, mo ní láti fi okùn dè é. Eruku wọ inú iyọ̀, wọ inú ìrọ̀rí. Lẹ́yìn afẹ́fẹ́ ni òjò rọ̀ ní Ọjọ́rú, bíi wákàtí kan péré.

Òórùn tí ó jáde lẹ́yìn òjò náà ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀ dáadáa. Kì í ṣe òórùn ilẹ̀ tí òjò àkọ́rọ̀ máa ń gbé dìde nílé. Igbó kúkúrú kan tí ó bo gbogbo pẹ̀tẹ́lẹ̀ yìí, tí wọ́n ń pè ní creosote, ni ó ń rùn bẹ́ẹ̀, nítorí oje kan máa ń bo ewé rẹ̀ kí omi inú rẹ̀ má baà gbẹ, òjò a sì tú òórùn oje náà sílẹ̀. Ó mú díẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn bá já ewé efinrin tí ó sì wà nítòsí ọ̀dà. Ìyá Ìbejì gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì mẹ́ta síta gba omi òjò, ó fi fọ irun. Nínú odò gbígbẹ tí ó wà nísàlẹ̀ ibùdó, omi pupa sáré kọjá fún bí ìṣẹ́jú ogún, ó sì wọlẹ̀. Àwọn tí ó gúnlẹ̀ sínú odò náà nítorí pé iyanrìn ibẹ̀ tẹ́jú ti kó kúrò kí ilẹ̀ tó mọ́; ẹnì kan ti lọ kan ilẹ̀kùn wọn.

Ọjọ́ kọkànlá, Ọjọ́bọ̀

Eyín ń dun Ẹ̀gbọ́n Àlàájì, a sì gbé e lọ sí Los Algodones ní Mẹ́síkò. A gba Yuma kọjá, níbi tí a ti jáde kúrò nínú aṣálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà sínú oko létùsì tí kò lópin, ilà-ìlà, tutù mini, tí àwọn òṣìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú rẹ̀. Omi odò Colorado ni wọ́n darí síbẹ̀. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú létùsì tí Amẹ́ríkà ń jẹ nígbà òtútù, agbègbè yìí ni ó ti ń wá, àti èyí tí èmi náà ń rà ní Chicago tí n kò bi í léèrè ibi tí ó ti mu omi. Ìyàwó mi, tí ó ti ń ka kẹ́ẹ̀gì fún ọ̀sẹ̀ kan, wo omi tí ó ń ṣàn gbẹ̀ẹ̀rẹ̀ nínú gọ́tà oko, ó mí kanlẹ̀.

A gbé ọkọ̀ sí ìhà Amẹ́ríkà, lórí ilẹ̀ àwọn ẹ̀yà Quechan, a sì fẹsẹ̀ rìn kọjá ààlà pẹ̀lú ìwé ìrìnnà lọ́wọ́. Ìlú kékeré ni, ṣùgbọ́n dókítà eléyín wà ní ojúlé kan dé èkejì, olúpolówó sì ń pe oníbàárà lójú pópó bí wọ́n ṣe ń pe èrò ní gáréèjì. Wọ́n yọ eyín náà, owó rẹ̀ kò tó ìdá mẹ́ta ohun tí wọ́n bu fún Ẹ̀gbọ́n ní Houston. Ìlà àwọn tí ó ń padà ni ó gùn: wákàtí méjì nínú oòrùn, àwọn arúgbó tí ó di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú níwájú wa, àwọn arúgbó tí ó di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú lẹ́yìn wa.

Ọjọ́ kejìlá àti ìkẹtàlá

Ẹ̀gbọ́n ń mu ògì. Igi ocotillo tí ó wà lẹ́yìn ọkọ̀ wa, tí mo ti rò pé ó kú láti ọjọ́ tí a dé, bẹ̀rẹ̀ sí í rú ewé wẹ́wẹ́ láti ìdí dé orí nítorí òjò wákàtí kan yẹn. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta a tún jẹ àmàlà, Ẹ̀gbọ́n gbé e mì láìrún un.

Ọjọ́ kẹrìnlá, ọjọ́ Àìkú

A da omi ìdọ̀tí nù ní La Posa, iṣẹ́ tí n kò ní ṣàpèjúwe rẹ̀, a sì dágbére fún àwọn tí ó kù. Bàbá Ìbejì yóò wà níbẹ̀ títí di oṣù Igbe. Ẹ̀gbọ́n Àlàájì ń lọ sí Tucson, lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀. Ó fún wa ní búútà kan. Méjì ni ó ní.

Nígbà tí a dé Phoenix, mo sọ gbogbo ọ̀rọ̀ táńkì náà fún òṣìṣẹ́ tí ó gba ọkọ̀ lọ́wọ́ wa. Ó fetí sílẹ̀ dáadáa, ó ní òun kẹ́dùn. Lẹ́yìn náà ó wọ inú ọkọ̀, ó tẹ bọ́tìnì, iná mẹ́ta tàn lórí táńkì tí kò ní ẹ̀kán omi kan nínú. Ó mú bírò, ó sì kọ ọ́ sí ìwé rẹ̀ pé ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́.